Òṣómàáló àti Ìbò Wa

Òṣómàáló ni bàbá tó bí bàbá mi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́ ní yunifásítì, n kì í fẹ́ sọ ọ́ láàrin àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, nítorí bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, ẹ̀rín ni wọn yóò bú sí. Wọn yóò ní, "Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè!" Wọn kò purọ́. Ohun tí orúkọ náà túmọ̀ sí gan-an nìyẹn: òṣó ni màá ló títí n ó fi gba owó mi. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, tí mo sì ń wo bí ọ̀ràn ìṣèlú orílẹ̀-èdè yìí ti ń lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé nínú gbogbo iṣẹ́ tí àwọn baba wa ṣe, bóyá iṣẹ́ bàbá àgbà ni ó sún mọ́ ìjọba àwa-ara-wa jù lọ. Mo mọ̀ pé àwọn òǹkọ̀wé ẹgbẹ́ mi a máa lọ sí Ọ̀yọ́ bí wọ́n bá fẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí, kí wọ́n lè mú ìtàn Ọ̀yọ́ Mèsì àti igbá tí wọ́n ń ṣí fún ọba wá. Ìtàn náà dára, ṣùgbọ́n ìtàn àwọn ìjòyè ni. Ti ọlọ́jà ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò bá a láyé. Ní ìgbà ìjọba àwọn òyìnbó amúnisìn, kòkó ti ń mówó wọlé fún àwọn àgbẹ̀, ṣùgbọ́n owó kì í sí lọ́wọ́ wọn yípo ọdún. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà a máa di aṣọ lẹ́rù láti Iléṣà, wọn a gbé e lérí tàbí kí wọ́n dì í mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, wọn a sì gba ọ̀nà Èkìtì, Àkókó àti Oǹdó lọ, títí dé ìlú àwọn Nupe. Àwìn ni wọ́n ń tà. Àgbẹ̀ tó bá mú aṣọ lónìí lè san díẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, kó tún san díẹ̀ sí i, kó wá san èyí tó kù nígbà tó bá ta kòkó. Ohun méjì péré ni gbogbo òwò náà dúró lé: pé ẹni tó tajà gba ẹni tó rajà gbọ́, àti pé ẹni tó tajà yóò padà wá. Bí ti àkọ́kọ́ bá wà tí ti èkejì kò sí, kì í ṣe òwò mọ́, ọrẹ ni.

Bàbá àgbà mọ oko gbogbo ẹni tó jẹ ẹ́ lówó. Ó mọ ìgbà tí olúkúlùkù ń ká kòkó, ó mọ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí kò yẹ kí a yọ lẹ́nu lóṣù náà, ó sì mọ ẹni tó kàn ń díbọ́n. Kò mọ̀wé, ẹfun ni ó fi ń sàmì sára ògiri yàrá rẹ̀. Mo bi í léèrè nígbà kan, n kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, pé kí ló dé tó jẹ́ òṣó ni wọ́n ń ló, tí wọn kì í jókòó. Ó ní ẹni tó dúró, yóò rẹ̀ ẹ́, yóò sì lọ; ẹni tó jókòó ti di àlejò, wọn a gbé oúnjẹ fún un, ojú a sì tì í láti béèrè owó; ṣùgbọ́n ẹni tó lóṣòó, gbogbo ará àdúgbò tó ń kọjá ló mọ̀ pé nǹkan kan ló ń dúró dè. Bóyá láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ó hun àlàyé yìí láti fi dá ọmọdé lóhùn. Èmi gbà á bẹ́ẹ̀.

A kò gbọdọ̀ fi Òṣómàáló wé ológò. Ní ayé àtijọ́, ológò ni ẹni tí wọ́n máa ń rán lọ sí ilé onígbèsè láti dógò tì í: yóò bú u, yóò pa adìẹ rẹ̀ jẹ, yóò da ilé rú mọ́ ọn lórí títí tí wọn yóò fi wá owó náà kàn. Òṣómàáló kò mú kùmọ̀ dání. Ojúkòjú ni ohun ìjà rẹ̀, àti ìrántí.

Bí mo bá wá ní ìbò pẹ̀lú, àwìn ni, mo rò pé yóò yé yín. Olùdìbò ni ó kọ́kọ́ ń fúnni. Ẹni tí a dìbò fún yóò gbé e lọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ọdún mẹ́rin ni yóò sì fi san án. Ní 1979, nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Iléṣà, bàbá mi jẹ́ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ UPN bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àdúgbò wa. Ètò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbé kalẹ̀, ó mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ orúkọ ọmọ rẹ̀: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ìwòsàn ọ̀fẹ́, ìdàgbàsókè ìgbèríko, iṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Olóyè Bọ́lá Ìgè, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà níbí, ló di gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Òṣogbo àti Iléṣà wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Bí òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ bá ń jò, bàbá mi kì í sọ pé ìjọba kò ṣàánú wa. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Wọn kò tíì san án pé." Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí jìnnà síra. Ṣé wọ́n san án pé nígbẹ̀yìn? Rárá. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kún àkúnya, owó oṣù àwọn olùkọ́ sì ti ń pẹ́ kí ó tó jáde ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kí 1983 tó parí. Ṣùgbọ́n a mọ iye tí wọ́n jẹ wá, àwọn náà sì mọ̀ pé a mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún náà ni àwọn ológun dé, tí wọ́n ti ìsọ̀ náà pa, tí ẹni tó jẹ gbèsè àti ẹni tí wọ́n jẹ lówó jọ wà níta.

Ẹnìkan lè bi mí pé àwọn wẹ́tíẹ̀ ńkọ́? Òótọ́ ni pé ní oṣù Kẹwàá ọdún 1965, wọ́n yan àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn jẹ nínú ìdìbò, àwọn ènìyàn sì fi epo bẹntiróòlù àti iná gba ẹ̀san. Mo mọ ìbínú wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ológò ni wọ́n ṣe. Iná náà jó àwọn tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ pẹ̀lú, ilé tó bá sì ti jóná, kò sí ẹnu ọ̀nà mọ́ níbẹ̀ tí a lè lóṣòó sí. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1966, ìbọn ló wá gba ìdáhùn lẹ́nu gbogbo wa.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993, mo ti tó ìbò dì. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò tíì pé ọdún méjì. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Mo tò ní Iléṣà láàrin àwọn ènìyàn tí wọ́n mọ̀ mí láti kékeré. A tẹ ìka ní kọ̀rọ̀, a ju ìwé sínú àpótí ní gbangba, wọ́n sì ka ìbò náà níbẹ̀ lójú gbogbo wa. Ẹṣin ni àmì ẹgbẹ́ SDP, ẹyẹ idì ni ti NRC; ọmọdé pàápàá ń bá wọn ka ẹṣin. N kò tíì rí ọjọ́ ìdìbò mìíràn tí àwọn ènìyàn fi sùúrù dúró tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida fagi lé e.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ni a ti kọ nípa Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Ó ní owó jù, ó bá àwọn ológun rìn jù, èmi náà sì bá wọn sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1994, ó kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ ní Ẹpẹ́tẹ̀dó ní Èkó; kí oṣù náà tó parí, ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha ti gbé e. Wọ́n fi ìdásílẹ̀ lọ̀ ọ́ bí ó bá lè gbàgbé ìbò náà. Kò gbà. Wọ́n pa Kudirat aya rẹ̀ sí ìgboro Èkó ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1996. Kò gbà síbẹ̀. Àhámọ́ ni ó wà títí ó fi kú ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 1998. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, olówó tí kò ní ìdí kan láti bá ẹnikẹ́ni lóṣòó, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin ló fi wà ní ìlóṣòó, kì í sì ṣe nítorí aṣọ tirẹ̀, tiwa ni. A ti gbé e fún un ní àwìn, wọ́n já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà, òun sì kọ̀ láti padà wá sọ fún wa pé ó ti sọnù.

Ní 2018 ni ìjọba Ààrẹ Muhammadu Buhari fi oyè tó ga jù lọ dá a lọ́lá, tí wọ́n sì sọ ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà di ọjọ́ ìjọba àwa-ara-wa. Ọdún 25. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, Babangida fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ pé Abíọ́lá ló wọlé. Ó kù díẹ̀ kó pé ọdún 32. Apá kan gbèsè náà ni wọ́n san yìí, ẹni tí wọ́n jẹ kò sì sí níbẹ̀ láti kà á.

Nísinsìnyí, ọjà ti yí padà. Ní ìdìbò gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, ìbò 353 péré ni Ademọ́lá Adélékè ti ẹgbẹ́ PDP fi ṣáájú Gbóyèga Oyètọ́lá ti APC kí wọ́n tó ní kò tíì parí. Wọ́n tún un dì ní ibùdó ìdìbò méje, Oyètọ́lá sì fi ìbò 482 wọlé. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fọwọ́ sí i ní 2019. Ní oṣù Keje ọdún 2022, àwọn méjèèjì tún pàdé, Adélékè ní ìbò 403,371, Oyètọ́lá ní 375,027. Níbi tí ìbò 353 bá ti lè gbé ìjọba fúnni tàbí kí ó gbà á lọ́wọ́ ẹni, ẹ retí kí ìbò ní iye owó. Ó ti ní i. "Dìbò kó o sebẹ̀" ni àwọn ènìyàn ń pè é, ọ̀rọ̀ tó gbajúmọ̀ láti ìdìbò Èkìtì ọdún 2018. Òfin ìdìbò ọdún 2022 ka ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà sí arúfin. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń dìbò bóyá wọ́n ti rí ẹni tí wọ́n mú ní àdúgbò wọn.

Èdè wa ní orúkọ fún ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó gba owó yìí. Ìwọ̀fà ni. Ẹni tó bá yá owó lọ́wọ́ olówó láyé àtijọ́ a máa fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Yóò máa sin olówó ní oko, iṣẹ́ tó ń ṣe náà kò sì dín gbèsè kù ní kọ́bọ̀. Èlé lásán ni. Bí ó bá sìn ín fún ogún ọdún, iye tó yá náà ṣì wà níbẹ̀ lódidi. Ẹni tó gba ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ní ibùdó ìdìbò ti yí ipò padà pẹ̀lú òṣèlú: òun tó yẹ kí ó jẹ́ Òṣómàáló ti di ìwọ̀fà. Mo ṣírò rẹ̀ nígbà kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Bí a bá pín ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà sí ọjọ́ 1,461 tó wà nínú ọdún mẹ́rin, kò tó náírà mẹ́ta lójúmọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn sí ìṣirò náà, mo sì ń gbé e kiri bí ẹni tó rí wúrà he, títí di ọjọ́ tí ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ fún mi lésì.

Ìdìbò ọdún 2022 ni, ní ibùdó ìdìbò kan ní Òṣogbo tí n kò ní dárúkọ. Ìyá náà wà níwájú mi lórí ìlà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó padà wá, ó ń so nǹkan mọ́ etí ìró rẹ̀. Ó rí i pé mo ń wo òun.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ má wò mí báyẹn. Ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba, oṣù mélòó ni wọn ò fi sanwó fún un? Wọ́n ní àwọn máa ṣe ọ̀nà wa, ẹ̀yin náà ṣáà ń rìn ín. Owó yìí, mo rí i, mo kà á, mo ti so ó. Èyí tó kù tẹ́ ẹ ń wí yẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ohun tẹ́ ẹ máa jẹ títí dìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ máa dúró dè é."

Mo ní, "Ìyá, mo gbọ́." Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Òótọ́ ni pé ní 2015, ọ̀pọ̀ oṣù ni òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ yìí lò láìgba owó, àti pé àbọ̀ owó oṣù ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà. Mo rò ó títí mo fi délé. Mo ti pe ìyá yìí ní ìwọ̀fà nínú ọkàn mi, ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú bàbá àgbà wò ó, Òṣómàáló tí wọ́n jẹ ní gbèsè títí ó fi dẹ́kun àwìn ni. Ẹ ti rí ohun tí àwọn ọlọ́jà máa ń kọ sára ògiri ìsọ̀: kò sí àwìn lónìí, ẹ padà wá lọ́la. Ohun tí òun náà ń sọ nìyẹn. Mo ṣì gbà pé àṣìṣe ni, nítorí iye tó tà á kò tó nǹkan kan, àti nítorí pé ẹni tó bá ti sanwó lójú ẹsẹ̀ kò tún jẹ ẹnikẹ́ni ní ìdáhùn mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àṣìṣe òmùgọ̀, àwa tí à ń kàwé a sì máa yára láti pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹ sì wo èmi alára. Bàbá àgbà mọ oko gbogbo onígbèsè rẹ̀. Ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin 26 ni ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní, lọ́dún náà, n kò mọ orúkọ ẹni tó ń ṣojú àdúgbò mi láàrin wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ni mo bi. Èmi tí n kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, n kò sì padà lọ béèrè ọjà mi láti 1999. Bí a bá fi ìyá ẹlẹ́kọ wé mi, òun ti rí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin gbà.

Ọ̀rọ̀ odò ló tì mí jáde nígbẹ̀yìn. Ẹni tó bá mọ Òṣogbo mọ Igbó Ọ̀ṣun, tí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2005, pẹ̀lú àwọn ère tí Susanne Wenger, tí a ń pè ní Àdùnní, àti àwọn oníṣẹ́-ọnà ìlú náà mọ síbẹ̀. Omi tó ń ṣàn láàrin igbó náà ti pọ́n bí ẹrẹ̀. Láti Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ń bọ̀. Bí ó ti ń bọ̀ ni àwọn odò kéékèèké láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń ṣàn kún un, níbi tí àwọn tó ń wa wúrà ti ń fọ erùpẹ̀ sínú omi. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá sí ọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu omi náà. Omi yìí kan náà ló ń lọ sí adágún Asẹ́jìrẹ́ tí Ìbàdàn ń mu. Ó dùn mí ní ọ̀nà méjì: ní Òṣogbo ni mo ń gbé, Ìjẹ̀ṣà sì ni mí. Àwa ará òkè odò la da ẹrẹ̀ náà sí i, kì í sì í ṣe àjèjì nìkan ló wà nídìí rẹ̀. Àwọn kan láàrin wa ló fi oko kòkó baba wọn sílẹ̀ fún wọn.

Mo wá pinnu pé ó yẹ kí n lọ lóṣòó síbì kan. Ibo? Ìwé-òfin ọdún 1999 fi ohun gbogbo tó wà nínú ilẹ̀ sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀. Àbújá ni wọ́n ti ń fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ láti wa wúrà ní Àtàkúmọ̀sà. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 sì fi ojú ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ìjọba ìbílẹ̀, tó sún mọ́ odò jù, kò ní agbára kankan lórí rẹ̀. Bí ẹ bá bi ti ìpínlẹ̀, wọn a ní ẹ lọ sí Àbújá. Bí ẹ bá bi ti Àbújá, wọn a ní ìpínlẹ̀ ló yẹ kó ṣọ́ ilẹ̀ rẹ̀. Onígbèsè tó ní ilé mẹ́ta ni èyí, tí ẹ kò ní bá nínú ọ̀kankan. Ìwé-òfin yìí kan náà sì bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé àwa ará ìlú la jókòó kọ ọ́. Àṣẹ ìjọba ológun Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar ló gbé e jáde kí wọ́n tó lọ. Èrò tèmi ni pé kí a gbé àmójútó ìwakùsà sọ̀ kalẹ̀ sí ìpínlẹ̀, kì í ṣe nítorí pé àwọn gómìnà mọ́ ju àwọn ti Àbújá lọ, n kò rí ẹ̀rí ìyẹn, bí kò ṣe nítorí pé èmi lè wọ ọkọ̀ láti ilé mi dé ẹnu ọ̀nà gómìnà, kí n sì padà wálé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo kọ lẹ́tà sí aṣojú kan lórí odò náà, ojú ìwé méjì, pẹ̀lú àwòrán omi tí mo yà fúnra mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pè mí lórí fóònù. Ó kí mi dáadáa, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá ti rí lẹ́tà yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹgbẹ́ wo lẹ wà?"

Mo ní, "Òṣómàáló."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹgbẹ́ tuntun nìyẹn? Ṣé INEC ti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀?"

Lẹ́tà kejì ni mo ń kọ lọ́wọ́ báyìí.